Òṣó

Ní gbọ̀ngán iléèwé ní Ìṣọ̀kùn, wọ́n ṣèlérí.
Olóyè Adéṣùyì gba makirofóònù, ó wúkọ́:
"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà!" A pàtẹ́wọ́ títí.
Onímọ́tò ṣe ogójì, oníbúrẹ́dì ṣe ogún,
ọkùnrin kan láti Ìbòdì tí a kò mọ̀ rí
ní òun máa ra bàtà fún gbogbo wọn.
Makirofóònù gbọ́. Àpótí ò gbọ́.
Nígbà tí a tú u sórí tábìlì lálẹ́,
ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ló bọ́ síta, àti bọ́tìnnì kan.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún là ń wá.
Ọmọ mẹ́jọ ló ń sáré lẹ́sẹ̀ lásán
lórí pápá tí ewúrẹ́ ti ń jẹun.
Wọ́n fi mí ṣe akápò torí mo ń ta ìṣó:
ẹni tó lè ka ìṣó, wọ́n ní, lè ka owó.

Mo ṣí ìwé. Ojú ewé kan fún ẹnì kan.
Àwọn tí kò ṣèlérí rárá ni mo kọ́kọ́ lọ bá.
Dáramọ́lá onígbàjámọ̀ fi owó orí mẹ́ta sílẹ̀,
ọ̀kan nínú wọn, orí ti ara rẹ̀.
Obìnrin tó jẹ mí ní gbèsè ìṣó
san owó ẹgbẹ́, ó ní kí n máa ka tèmi lọ.
Àlaàtì kan wọlé láti Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀:
"Èmi náà sáré níbẹ̀ rí. Mo ṣubú."

Àwọn ẹlẹ́nu makirofóònù ńkọ́?
Fóònù wọn ń dún, wọn ò gbé e.
Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo di gèlè mi le,
mo lọ lóṣòó sẹ́nu géètì Olóyè.

Mègáàdì gbé àga wá. Mo ní rárá.
Ẹni tó bá jókòó ti di àlejò,
ẹni tó bá dúró ti fẹ́ máa lọ.
Bàbá bàbá mi lóṣòó báyìí ní Ìkàrẹ́,
ìdì aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eruku lẹ́nu:
òṣó ni màá ló tí n ó fi gbowó mi.
Níléèwé, wọ́n fi ń bú wa. Mo ti sunkún rí nítorí rẹ̀.
Lọ́jọ́ náà n ò rántí ẹkún. Orúnkún ló ń dùn mí.

Oòrùn gòkè. Adìẹ kan gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin.
Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù,
òun fúnra rẹ̀ jáde, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì:
"Bọ̀sẹ̀dé, ta ló kọ́ ẹ?"
"Ẹni tó kọ́ bàbá yín ni."
Ó dákẹ́. Àgbàlagbà náà di ògiri mú,
ó rọra lóṣòó tì mí,
orúnkún rẹ̀ dún bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi gbígbẹ.
A wà bẹ́ẹ̀. Mègáàdì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ó san ọgọ́jọ. "Ó ku ogójì," ni mo wí.
"Ó ku ogójì," ló dáhùn.

Ìròyìn ní ẹsẹ̀. Oníbúrẹ́dì rí mi lókèèrè ní Ẹrẹ́jà,
ó ti ń ka owó kí n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ará Ìbòdì nìkan la ò rí títí dòní.

Bàtà dé nínú páálí. Mo dojú ọ̀kan dé:
ìṣó ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣóńṣó ṣóńṣó, mẹ́fà.
Ogún ọdún ni mo ti ń ta ìṣó,
n ò mọ̀ pé èèyàn lè wọ̀ ọ́ sáré.

Ní Òṣogbo, lẹ́yìn ìlà funfun,
Fẹ́yìṣayọ̀, ọmọ onígbàjámọ̀,
fi ìka kanlẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó gbé ìdí díẹ̀.
Mo fọwọ́ tọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Wò ó,
òṣó ló ló yẹn."
Ìbọn kò tíì dún.
Ìwé wà nínú àpò mi, ojú ewé Olóyè ṣì ṣí sílẹ̀:
ogójì.